Bí a ṣe kó àwọn máṣíìnì Singer wa jọ ní Ìbàdàn

Fọ́tò kì í sọ gbogbo òótọ́ nípa máṣíìnì ìránṣọ. Ó lè fi ara dúdú tó ń dán hàn ọ́, àti àwòrán aláwọ̀ wúrà tó yí i ká, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún ọ bóyá wíìlì rẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́ tàbí òróró àtijọ́ ti dì mọ́ ọn nínú. Ìdí nìyẹn tí àwa tí a ń kó máṣíìnì Singer jọ, tí a ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara wa lórí fóònù láti ọjọ́ yìí, fi pinnu pé ó yẹ kí a fojú rinjú, kí oníkálùkù sì gbé tirẹ̀ dání. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò rẹ̀, nítorí pé Ìbàdàn ni mò ń gbé, ibẹ̀ ló sì rọrùn jù fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ, bóyá ẹlòmíràn tó ń kó nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ á rí ohun tó máa mú lò níbẹ̀.

Ibi tí a ó jókòó sí ni mo kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe gbọ̀ngàn tó lẹ́wà ni mo ń wò. Tábìlì tó nípọn àti fèrèsé tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ni. Irin dídà ni orí Singer àtijọ́. Tí a bá gbé e sórí tábìlì oníke tí wọ́n ń háyà fún òde ìnáwó, bí a bá ti ń yí ọwọ́ rẹ̀ ni tábìlì á máa mì, ìránṣọ ọ̀hún ò sì ní tọ́. Mo rí gbọ̀ngàn kékeré kan ní Òkè-Bọ́lá tí àwọn aránṣọ ń ṣèpàdé nínú rẹ̀, tí tábìlì pákó tí wọ́n ń gé aṣọ lórí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò tiẹ̀ kàn wá. Ọlọ́wọ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ní, àwọn tó ti ń ránṣọ kí iná tó dé ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ bí wọ́n ṣe máa gbé e wá ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Mo tẹnu mọ́ èyí gidigidi, torí orí máṣíìnì máa ń ṣí sẹ́yìn lórí ìdè méjì tó so ó mọ́ pákó ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, ó lè dojú dé, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fi okùn di orí mọ́ pákó, kí wọ́n ki aṣọ sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, kí eyín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ má bàa ha ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò, kí wọ́n sì fi ìró àtijọ́ wé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ èrò, kó gbé e sórí itan tàbí sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé e sínú búùtù. Mo tún ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú aṣọ funfun tí kò nípọn dání, pẹ̀lú òwú dúdú àti òwú funfun. Òwú dúdú lókè, funfun nísàlẹ̀: bí a bá rán ìlà kan péré báyìí, gbogbo ènìyàn á rí i bóyá okùn òkè ló le jù tàbí ti ìsàlẹ̀, láìsí àríyànjiyàn.

Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, olúkúlùkù sì ń tú ìró lára tirẹ̀. Ó wù mí láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́kàn nígbà tí tábìlì ń kún. Mo ti mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn máṣíìnì yẹn lójú fọ́tò, mo mọ ibi tí àwọ̀ ti ṣí lára ìkíní, mo mọ èyí tí báàjì rẹ̀ ti sọnù. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ohùn wọn rí. Inú mi dùn débi pé n kò rántí mu ẹ̀kọ tí mo rà.

Mo ṣe ohun kan tí àwọn kan kọ́kọ́ lòdì sí. Dípò kí oníkálùkù jókòó ti ẹrù rẹ̀, mo tò wọ́n ní ìdílé-ìdílé, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà àwòṣe wọn. Àwọn 15K wà lápá kan, 66K àti àbúrò rẹ̀ 99K lápá kejì, 27K àti 28K létí fèrèsé, 201K ní ìparí. 99K kò yàtọ̀ sí 66K àfi pé ó kéré jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni 28K rí sí 27K. Bí a ṣe tò wọ́n báyìí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti Èkó ti ń ráhùn tipẹ́ pé 15K òun ń fo ìránṣọ. Bí ó ṣe wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó rí i pé wọ́n kò ki abẹ́rẹ́ bọ ọ́ bákan náà. Lórí 15, ọwọ́ ọ̀tún ni òwú ti ń wọ ojú abẹ́rẹ́ lọ sí òsì, ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ abẹ́rẹ́ sì dojú kọ òsì. Lórí 66 àti 99, láti òsì lọ sí ọ̀tún ni. Orí 99 ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ń fi ti 99 ṣe 15. Ó yí abẹ́rẹ́ padà, ó rán ìlà kan, kò fo ẹyọ kan.

K tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà wọ̀nyí, Kilbowie ló dúró fún, ní Clydebank, Scotland. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Singer tó tóbi náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1885, tí wọ́n sì tì í pa ní 1980. Isaac Merritt Singer ará Amẹ́ríkà ló gba ìwé ẹ̀tọ́ máṣíìnì rẹ̀ ní 1851, ṣùgbọ́n ti Clydebank ló pọ̀ jù lára èyí tí à ń rí nílẹ̀ wa. Àbúrò kan tó ń gbé ní Glasgow, tó wá kí àwọn òbí rẹ̀ nílé, wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún wa pé ibùdó ọkọ̀ ojúirin kan ṣì ń jẹ́ Singer níbẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti wó ilé aago gogoro ilé-iṣẹ́ náà láti 1963. Bàbá kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún máṣíìnì ṣe ní ọjà Gbági gbọ́ èyí, ó sì ní kó tún un sọ. “Wọ́n ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́?” Àbúrò náà dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, lójoojúmọ́.” Bàbá náà mi orí títí.

Ibi tí a pẹ́ sí jù ni tábìlì tí a ti ń wo nọ́ńbà ara máṣíìnì. Nọ́ńbà yìí wà lápá ọ̀tún, lórí pẹpẹ irin, ó sì máa ń ní lẹ́tà níwájú. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E, láti 1935 ni wọ́n ti ń jáde: EA ló ṣáájú, lẹ́yìn náà EB, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn tó ní Y láìsí lẹ́tà mìíràn ló jáde kété ṣáájú wọn. Báàjì náà máa ń jẹ́rìí. Èyí tí wọ́n fi ọdún 1851 àti 1951 sí, tí àwọ̀ búlúù yí i ká, ti ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ilé-iṣẹ́ náà ni.

Ìyá kan láti Òṣogbo gbé 66K wá. Ó ní ìyá ìyá òun ló rà á ní tuntun lọ́dún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y, èyí tó ṣáájú àwọn E ti 1935. Ẹnì kan ti fẹ́ sọ pé ìtàn náà kì í ṣòótọ́, Bàbá wa ti Gbági sì dá a dúró. “Ẹ rọra. Máṣíìnì máa ń gbé ilé ju ẹyọ kan lọ.” Ó ní kí Ìyá náà pe àgbà tó bá ṣì wà nínú ẹbí. Ó pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó gbé fóònù sí gbangba. Lẹ́yìn ìkíni tó gùn, Màmá náà ní, “Tuntun kẹ̀? Lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti rà á, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú.” Ìyá Òṣogbo jókòó. Ó ti ní orúkọ ẹnìkan mìíràn báyìí láti fi kún ìtàn máṣíìnì rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sára bébà, ó fi sínú àpótí rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó owó ọkọ̀ gbogbo wa.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òróró ni mo sọ òfin kan tí n kò fi ṣeré. Ẹ má ṣe fi spirit nu Singer àtijọ́. Àwọ̀ tó ń dán lórí àwòrán wúrà yẹn, shellac ni, irú fáníìṣì kan, spirit sì máa ń yọ́ ọ; nígbà tí ẹ bá fi máa ṣẹ́jú, wúrà ti tẹ̀ lé aṣọ ìnura. Òróró máṣíìnì àti òwú rírọ̀ ti tó fún ara rẹ̀. Fún inú tó ti dì, kẹrosíìnì díẹ̀ ni, ẹ yí wíìlì síwá sẹ́yìn pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ tó wá fi òróró gidi sí gbogbo ojú ihò. Òróró ìsebẹ̀ kò wọ ibẹ̀ láéláé, àtè ló máa ń dà.

Àwọn kan wà láàárín wa tó máa ń ha gbogbo àwọ̀ kúrò kí wọ́n tún un kùn. A jiyàn lórí rẹ̀, n kò sì ní fi èrò mi pamọ́: n kò fẹ́ ẹ. Ibi tí wúrà ti ṣí níwájú máṣíìnì, ọwọ́ aránṣọ ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kùn ún ti pa ọwọ́ yẹn rẹ́. Àmọ́ mo gbà pé èyí tí ìpata ti jẹ dé egungun kò ní ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ Butterfly náà dé. Obìnrin kan láti Abẹ́òkúta mú Butterfly tirẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, àwọn kan sì ní Singer nìkan ni a pè. Mo ní kó gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn 15K, torí ìdílé kan náà ni wọ́n. Àwòṣe 15 yìí ni àwọn ará Japan àti Ṣáínà wò ṣe tiwọn. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. 15K kan wà tí kò ní kéèsì bọ́bìn, ilé kékeré tí bọ́bìn òwú ìsàlẹ̀ ń gbé, olówó rẹ̀ sì ti ń wá a kiri. A yọ ti Butterfly, a ki í bọ ọ́, ó wọ̀ ọ́ pẹ́kí, ó sì ránṣọ. Tuntun rẹ̀ wà lọ́jà, kò wọ́n. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ti máa ń rà á fún ọkùnrin ọ̀hún.

201K ló gba ọ̀pọ̀ ojú. Eyín irin tó wọ ara wọn ló ń gbé e rìn, ìró rẹ̀ kò sì ju kí aṣọ máa fẹ́ra lọ. Bàbá fi etí lé e, ó di ojú. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ irin dídà, àwọn tó jáde lẹ́yìn náà jẹ́ alumíníọ̀mù; ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó tó rà á, kó mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Èyí tó bá di mágínẹ́ẹ̀tì mú ni irin.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí a jẹ àmàlà, ni mo tó gbà kí wọ́n máa tà, kí wọ́n sì máa pààrọ̀. Mo ti sọ fún wọn ṣáájú pé kí olúkúlùkù kọ iye tó fẹ́ gbà sára bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹni tó ń bọ̀ wá rà má baà gbọ́ iye kan kí ẹlòmíràn gbọ́ òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé máṣíìnì sí èjìká kiri àdúgbò, àwọn tí à ń pè ní Obioma, gba iwájú gbọ̀ngàn kọjá, ó ń fi àlùmágàjí lu ara máṣíìnì rẹ̀. A pè é wọlé. Ó yẹ àwọn 28K wò jùlọ, ó gbé ọ̀kan sí èjìká láti mọ bó ṣe wúwo sí, ó sì sọ fún wa bí òun ṣe ń di tirẹ̀ kó má bàa jábọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tó gbé tiwọn wá nínú ọkọ̀ èrò jókòó tì í, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè.

28K yẹn ló kù tó ń dà wá láàmú. Òun àti 27K kì í lo bọ́bìn róbótó bíi ti àwọn yòókù. Bọ́bìn gígùn tín-ín-rín ni wọ́n ń lò, inú ṣọ́tù tó rí bí ọta ìbọn ló sì ń gbé. Bí ṣọ́tù bá sọnù, máṣíìnì náà di ohun ìwòran. Ọ̀kan ṣoṣo tó pé ló wà lórí tábìlì, a sì ń yọ ọ́ láti inú ìkan bọ́ sínú èkejì, kí gbogbo àwọn 28K lè rán ìlà tiwọn sórí aṣọ funfun náà. Gbogbo wọn ló rán an, òkè àti ìsàlẹ̀ bára mu. Ṣọ́tù nìkan ló ń dá wọn dúró.

Kí a tó túká, mo kọ orúkọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá àti èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́òkúta ni a ó tún pàdé, obìnrin oní-Butterfly ló gbà láti ṣètò rẹ̀. Tábìlì pákó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé tí ṣọ́tù 28K wà nínú dúrọ́ọ̀ àtijọ́ kan, tí kò sí ẹni tó ń lò ó, kó jọ̀wọ́ mú un dání wá.