Bí mo ṣe fi èso ọgbà mi ṣe smoothie tó wá dùn gan-an

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe smoothie yìí (èso tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ yógọ́ọ̀tì fún mímu) tí kò dáa, lánàá ló wá rí bí mo ṣe fẹ́, mo ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Sitirọ́bẹ́rì mi, èso pupa kékeré yẹn, inú ìkòkò òdòdó ni mo gbìn ín sí, bilákíbẹ́rì, èyí tó dúdú, ní tiẹ̀ lalẹ̀ hù fúnra ẹ̀ létí ọgbà, ẹ̀gún ni gbogbo ara ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo èso dúdú tó ń dán nínú igbó lèèyàn ń jẹ o, májèlé ni àwọn míì, tẹ́ ò bá dá a mọ̀ dájú ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá wà níbi tí wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sí, mi ò kí ń fọwọ́ kàn án rárá.

Ìkánjú ló kọ́kọ́ bà á jẹ́ fún mi. Mo rò pé tí bilákíbẹ́rì bá ti dúdú ó ti pọ́n nìyẹn, àṣé ó ṣì lè kan bí ọtí kíkan. Ìgbà tí dídán ẹ̀ bá ń lọ díẹ̀, tẹ́ ẹ kàn fọwọ́ kàn án tó sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, ó ti tó jẹ nìyẹn. Èyí tí kò bá tíì fẹ́ bọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ méjì sí i, torí àtòun àti sitirọ́bẹ́rì, tẹ́ ẹ bá ti já wọn, wọn ò ní dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Mi ò kí ń fọ̀ ọ́ sílẹ̀, omi ló ń jẹ́ kó tètè bu. Ìgbà tí mo bá fẹ́ lò ó tàbí tí mo fẹ́ gbé e sí fírísà ni mo máa ń fọ̀ ọ́, màá tẹ́ ẹ sórí aṣọ kó gbẹ, tó bá jẹ́ ti fírísà, màá wá tò ó lẹ́yọ lẹ́yọ sórí tiréè nínú fírísà di ọjọ́ kejì kí n tó kó o sínú náílọ̀n. Ìgbà tí mo kó o pọ̀ sí náílọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló dì bí òkúta, òòlù ni mo fi fọ́ ọ.

Bùlẹ́ńdà wá ńkọ́? Tẹ́lẹ̀ èso dídì ni mo máa ń kọ́kọ́ dà sí i, á máa kùn, abẹ ẹ̀ ò ní yí, ó tiẹ̀ ń rùn bíi wáyà tó ń jó. Lánàá, ìdajì ife yógọ́ọ̀tì àti omi díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dà sí i, mo da bilákíbẹ́rì ife kan lé e, mo lọ̀ ọ́, mo wá fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo ń fi ẹ̀yìn síbí tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ku kóró lásán. Kóró yẹn ló máa ń há sí mi léyín! Omi tó kù pọ́n dòò, ó ki bí oyin. Mo dà á padà sínú bùlẹ́ńdà, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan sí i, sitirọ́bẹ́rì dídì ló wá gbẹ̀yìn lókè, kóró tiẹ̀ kéré kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tí mo gbọ́ tí ohùn ẹ̀ ń lọ geere, kò sí kẹ́kẹ́ kẹ́kẹ́ mọ́, mo pa á.

Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fi oyin sí i o, tèmi ò tiẹ̀ nílò ẹ̀, ẹ má sì fi oyin sí ti ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mu ún, èyí tó kù mo dà á sínú ike yìnyín ní fírísà, yóò wọ bùlẹ́ńdà lọ́la.