Kí ẹ tó fi Corvette tuntun sílẹ̀ gba Ferrari àlòkù

Ẹ̀yin ará wa l'Amẹ́ríkà tí ẹ ń ro ó bóyá kí ẹ ra Corvette Z06 tuntun tàbí Ferrari F430 àlòkù, owó àtúnṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, ẹ má wo iye tí wọ́n pe ọkọ̀ nìkan. Ọjọ́ orí máa ń já owó ọkọ̀ wálẹ̀, àmọ́ kì í já owó páàtì rẹ̀. Owó páàtì Ferrari ni ẹ máa san, ì báà ti pé ogún ọdún. Ferrari F355 tó jáde ṣáájú F430 tiẹ̀ burú jù: àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó lè pààrọ̀ timing belt (bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù ẹ́ńjìnnì máa ṣí, kó máa pa dé lásìkò), ọkọ̀ ì báà má rìn rárá, ọdún ń jẹ bẹ́líìtì yẹn. Ṣéènì ni F430 ń lò dípò bẹ́líìtì, ìyẹn dáa. Tó bá jẹ́ onígíà F1 (èyí tí ẹ̀rọ ń bá awakọ̀ tẹ clutch rẹ̀), ẹ ní kí mẹkáníìkì tó mọ Ferrari dunjú (kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á o!) so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, á sọ ibi tí clutch jẹ dé. Ẹ ro owó clutch àti ti adójútòfò mọ́ owó ọkọ̀, kí ẹ tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Corvette tó ní wáráǹtì ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì. Ìṣirò yìí kò bá F430 onígíà ọwọ́ mu ṣá: ó ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń wá a sì ń san owó gọbọi lé e.