Ẹ má fi ayùn kan ìdí rẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí yukalípítọ́ọ̀sì etí òkun

Igi tó fi ọdún márùn-ún di ògiri ewé, ẹnì kan á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gé e débi kùkùté, á wá máa retí kó rúwé. Kò ní rúwé. Owó ti wọlẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun sì ti rọ́nà wọ àgbàlá. Ó ń bí ni nínú, torí ohun tó yẹ kéèyàn wò kó tó gbé ayùn kò ju kékeré lọ.

Igi tí mò ń sọ ni Bald Island marlock, irú yukalípítọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ní Látìn ń jẹ́ Eucalyptus conferruminata. Etí òkun gúúsù ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà ló ti wá, láti agbègbè Albany lọ sí ìlà oòrùn. Igi kúkúrú ni, ó ń ṣe bí igbó, ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́ balẹ̀, ewé rẹ̀ sì ki débi pé ẹ ò ní rí ẹni tó wà lódìkejì. Ó ń gba afẹ́fẹ́ oníyọ̀ mọ́ra, ó sì ń hù lórí yanrìn tí kò lọ́ràá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé létí òkun fi ń wá a.

Àṣìṣe kìíní: orúkọ ni wọ́n ń rà, wọn kì í wo igi. Títí di ọdún 1980 tí Denis Carr àti Maisie Carr fún un lórúkọ tirẹ̀, Eucalyptus lehmannii ni gbogbo èèyàn ń pè é. Orúkọ àtijọ́ yẹn ṣì ń tẹ̀ lé e káàkiri, pàápàá ní Kalifóníà àti ní Gúúsù Áfíríkà. Àwọn igi méjèèjì jọra lóòótọ́. Ìrudi àwọn méjèèjì ń ṣù pọ̀ bí ìkúùkù, fìlà orí ìrudi kọ̀ọ̀kan gùn bí ìka ọwọ́, bó bá sì ṣí, òdòdó aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ bí òróḿbó á tú jáde. Èso á tún wá lẹ̀ mọ́ra wọn di ṣùrù kan ṣoṣo, líle, tó yọ ẹ̀gún ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ohun tó lẹ̀ pọ̀ ni Látìn orúkọ conferruminata gan-an túmọ̀ sí.

Ìdí igi ni ìyàtọ̀ wà. Lehmannii ní kókó igi ńlá kan tó fara pa mọ́ sábẹ́ ilẹ̀, tó kún fún ojú tó ń sùn, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka tuntun ti lè yọ. Bí iná bá jó o, tàbí bí wọ́n bá gé e, àwọn ojú wọ̀nyẹn á jí. Conferruminata kò ní kókó yìí rárá. Nínú igbó, bí iná bá ti kọjá, ó kú nìyẹn. Irúgbìn tó wà nínú èso orí rẹ̀ ló máa dípò rẹ̀. Ẹni tó bá gé e mọ́lẹ̀ ti ṣe é bí iná ṣe ń ṣe é.

Kí ẹ tó gé igi kankan, ẹ fi ọwọ́ gbo iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ kúrò, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Bí igi bá lọ tààrà wọ ilẹ̀ bí òpó, kò ní kókó. Bó bá wú bọ̀ǹbọ̀ kó tó di gbòǹgbò, ó ní in. Lára ọmọ igi pàápàá ẹ lè rí i: níbi tí ewé méjì àkọ́hù ti so mọ́ igi, kókó kékeré méjì á yọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó ní kókó, irú Eucalyptus diversifolia tó ń hù lórí òkúta ẹfun létí òkun gúúsù Ọsirélíà, ẹ lè gé e kó ku sẹ̀ǹtímítà 15 lórí ilẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka á yọ. Ẹ dá mẹ́ta sí márùn-ún sí, kí ẹ gé ìyókù. Ti conferruminata kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ẹ̀ka nìkan ni kí ẹ máa gé, láti kékeré, kí ewé tútù máa wà nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀bẹ kàn. Ẹ má gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkejì: wọ́n ń ra igi tó ti ga ju ike rẹ̀ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yí po nínú ike, kò sì ní tọ́ mọ́. Lọ́dún mélòó kan, afẹ́fẹ́ ńlá kan á dé, igi á dùbúlẹ̀ tòun ti ewé rẹ̀. Èyí tó ga sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 ló dára, kò sì ní pẹ́ tó fi bá ti ńlá yẹn. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò òtútù bá bẹ̀rẹ̀, kí ihò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ike. Mítà 2 sí 3 ni kí ẹ fi sáàárín wọn bó bá jẹ́ ìdènà afẹ́fẹ́.

Ẹ má so ó mọ́ òpó: bó bá ṣe ń mì ni ìdí rẹ̀ ń le.

Ajílẹ̀ àpọ̀jù náà ń pa á lára. Ẹ̀ka á yọ́, á gùn, á sì ṣẹ́.

Omi: lítà 10 lọ́sẹ̀ ní ìgbà ooru àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè wọlẹ̀. Bíbu omi wín-ín-wín-ín sí i lójoojúmọ́ kò jẹ́ kí gbòǹgbò wá ìsàlẹ̀.

Ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ewé rẹ̀ lóróró, iná sì ń tètè mú un. Ẹ fi mítà 10 sílẹ̀, ó kéré tán. Ní Western Cape ní Gúúsù Áfíríkà, ó ti di igi àjòjì tó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igi ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó rà á. Ẹni tó wà ní Èkó tó gbọ́ "etí òkun" kó má tíì yọ̀: òjò igi yìí ń bá òtútù wá, ìgbà ooru rẹ̀ sì gbẹ. Ooru òun òjò wa lẹ́ẹ̀kan náà kò bá a lára mu.

Ẹni tó ti gé tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má tíì dáná sun ún. Èso tó ti gbó, tó ti le, ṣì wà lórí ẹ̀ka tó wó sílẹ̀, irúgbìn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ já ṣùrù náà sínú àpò bébà, kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Bó bá gbẹ, ó máa là fúnra rẹ̀, hóró kéékèèké á sì bọ́ jáde pẹ̀lú èèpo. Ẹ fọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn, kí ẹ fi yanrìn mílímítà 2 sí 3 péré bò ó. Ẹni tó bá rì í jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní rí i. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ló máa ń gbà kó tó hù.