Bí agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń di kóòṣì

Sergei Belov, ọmọ Rọ́ṣíà tó gbá bọ́ọ̀lù fún CSKA Moscow, wà nínú ikọ̀ Soviet tó borí Amẹ́ríkà ní àṣekágbá Òlíńpíìkì Munich ní 1972. 51 sí 50 ni wọ́n parí ẹ̀, òun nìkan ló sì jẹ 20 nínú 51 yẹn. Nígbà tó di kóòṣì, ó mú ikọ̀ Rọ́ṣíà dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì, ní 1994 àti 1998. Ti 1998, àmì ayò méjì péré ni Yugoslavia fi gbà á lọ́wọ́ wọn, 64 sí 62. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni Belov wà lọ́jọ́ náà. Kò lè bá wọn ju ẹyọ kan.

Níbẹ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní básíkẹ́ẹ̀tì ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí kóòṣì tuntun gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ, kó jù ú sáwọ̀n, kó ní, "Ṣé ẹ rí i?" Àwọ̀n ni wọ́n rí. Wọn ò rí ẹsẹ̀, wọn ò rí orúnkún, wọn ò rí ìgbọ̀nwọ́.

Ẹ tú u palẹ̀ fún wọn. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì ya bí èjìká ṣe fẹ̀ tó, kí orúnkún tẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù, kí bọ́ọ̀lù jókòó sórí ọmọ ìka, kó má kan àárín àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ti jù ú, kó fi ọwọ́ sílẹ̀ lókè títí bọ́ọ̀lù yóò fi kan òrùka. Ìgbésẹ̀ méjì sí òrùka ni kó dúró sí, kó jù ú nígbà 25. Bí 15 bá wọlé, kó sún ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, nítorí ojú máa ń tan kóòṣì jẹ. Bí bọ́ọ̀lù kò bá ń dé òrùka, orúnkún ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe apá. Bó bá ń yà sọ́tùn-ún sósì, ìgbọ̀nwọ́ ti ṣí síta.

Ọmọ tí kò tíì pé 12, bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 5 ni kó lò. Nọ́ńbà 6 jẹ́ tàwọn obìnrin, 7 tàwọn ọkùnrin. Òrùka àgbà ga ní mítà 3.05, tọmọdé 2.60, bí kò bá sí ti kékeré, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ní mítà 2.60, kó máa jù ú síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ẹ bá jẹ́ kó máa jù láti ìlà mítà 6.75, ìlà àmì ayò mẹ́ta àwọn àgbà, yóò máa fi èjìká sọ ọ́ bí ẹni ń sọ òkò sí máńgòrò, èyí kì í sì í tètè kúrò lára.

Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo sìmẹ́ǹtì, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀. Ẹ gbá pápá, ẹ fi àkísà tútù nu bọ́ọ̀lù. Iyanrìn díẹ̀ tó láti mú kí ọmọ fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́.

Lọ́jọ́ ìdíje, time-out, ìyẹn kí kóòṣì ní kí wọ́n dá eré dúró fún ìṣẹ́jú kan, ni irinṣẹ́ kóòṣì: méjì ní ìdajì àkọ́kọ́, mẹ́ta ní ìkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mumi, kí wọ́n mí, kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ta ni yóò ṣọ́ ta, tàbí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà. Bẹ́ ẹ bá sọ márùn-ún, wọn ò ní rántí ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pamọ́ di ìgbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, ọ̀kan ti jóná, torí méjì péré ni òfin FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, gbà láyè nígbà yẹn.