Ọ̀nà Láti Mọ Skeeter Davis Kọjá Orin Kan Ṣoṣo

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Ìkòròdú, nígbà tí àwọn ará ilé bá ń lọ aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orin kántìrì kì í jìnnà sí rédíò wa, orúkọ Jim Reeves àti ti Don Williams kò sì ṣàjèjì sí ọmọdé tàbí àgbà nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Bí a bá dárúkọ Skeeter Davis, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó kọ orin kántìrì, orin kan péré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn, ìyẹn “The End of the World”, tí ó jáde ní ìparí ọdún 1962, tí ó sì dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, lórí àtẹ orin kántìrì àti lórí àtẹ orin pọ́ọ̀pù. Orin náà dára púpọ̀. Síbẹ̀ ó máa ń dùn mí pé ibẹ̀ ni a dúró sí, nítorí iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, etí díẹ̀ ni ó sì kàn án. Ọ̀nà tí èmi gbà dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ là fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ.

Ẹ fi orin tí ẹ ti mọ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1953. Mary Frances Penick ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní ọdún 1931. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, Betty Jack Davis, ni wọ́n jọ ń pe ara wọn ní The Davis Sisters, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹ wá “I Forgot More Than You’ll Ever Know”, kí ẹ sì fi sọ́kàn bí ẹ ti ń gbọ́ ọ pé Betty Jack ni ó ń dá orin, Skeeter ni ó ń gbè é lókè. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, kí orin yìí tó dé òkè àtẹ kántìrì, níbi tí ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Betty Jack, ó sì ṣe Skeeter léṣe gidigidi. Ẹni tí ó ń dá orin ti lọ, ó ku elégbè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo orin rẹ̀ yòókù. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin, Chet Atkins, tí ó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ní RCA Victor, ilé iṣẹ́ tí ó ń gbé àwo orin rẹ̀ jáde, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ọ̀kan lé orí èkejì, tí ó fi jẹ́ pé Skeeter ni ó ń dá orin, Skeeter náà ni ó sì ń gbè é. Kódà, orúkọ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, “I’ll Sing You a Song and Harmonize Too”, sọ ọ́ ní gbangba pé òun yóò kọ orin, òun yóò sì gbè é. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá padà sí “The End of the World”. Ẹ dúró di alẹ́, nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ti pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ ki íápíìsì bọ etí. Ẹ tẹ̀ lé ohùn ti ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ tún un gbọ́, kí ẹ wá tẹ̀ lé ti òkè. Bí orin bá ń lọ sópin, ibì kan wà tí kò ti kọrin mọ́, tí ó kàn ń sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, kò sí elégbè kankan, ohùn kan ni ó ku. Ó pé ọdún púpọ̀ tí mo ti ń gbọ́ orin yìí kí n tó ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ibi tí ó kàn ni àwọn orin ìfèsì, èmi kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú kọjá níbẹ̀. Ní ọdún 1960, Hank Locklin, ọkùnrin olórin kántìrì kan, kọ “Please Help Me, I’m Falling”, níbi tí ọkùnrin tí ó ti ní aya nílé ti ń bẹ obìnrin mìíràn pé kí ó ran òun lọ́wọ́, kí ìfẹ́ rẹ̀ má baà gbé òun ṣubú. Ní ọdún kan náà ni Skeeter fi “(I Can’t Help You) I’m Falling Too” dá a lóhùn, pé ìrànlọ́wọ́ kò sí lọ́wọ́ òun, nítorí ìfẹ́ ọ̀hún ti ń gbé òun náà lọ. Ẹni tí ó bá gbé agboolé rí mọ bí ìyàwó kan ṣe ń dá orin nídìí odó, tí òrogún rẹ̀ yóò sì fi orin mìíràn fèsì láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fi ti Locklin sí i, kí ẹ fi ti Skeeter tẹ̀ lé e láìjẹ́ kí orin mìíràn bọ́ sáàárín wọn. Ní tèmi, èsì náà ju ẹ̀bẹ̀ lọ: ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ ṣì ní ìrètí pé ẹlòmíràn yóò gba òun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fèsì mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò gba àwọn méjèèjì. Bí èyí bá dùn mọ́ yín, ẹ wá “Lost to a Geisha Girl”, tí ó ti fi dá Locklin kan náà lóhùn ṣáájú.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún “My Last Date (With You)”. Orin dùrù (píánò) tí kò ní ọ̀rọ̀ ni ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ Floyd Cramer tí ó ń tẹ dùrù, ní ọdún 1960, kí Skeeter àti Boudleaux Bryant, òǹkọ̀wé orin, tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ fetí sí ìka Cramer dáadáa: yóò kọ́kọ́ tẹ ohùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò wá yọ̀ lọ sí èyí tí ó ń wá gan-an, bí àyàn ṣe ń fún ọṣán dùndún kí ohùn lè gùnkè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ bí Skeeter ṣe ń fi ẹnu yọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà o. Mo ra síìdì kan rí ní Sábó tí àwọn orin rẹ̀ tí mo fẹ́ràn pé sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé, ohùn àgbàlagbà ni mo gbọ́, ìlù rẹ̀ yàtọ̀, ohùn kejì kò sì sí níbẹ̀. Ó ti tún wọn kọ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó tà á fún mi kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun tàbí kí ẹ tó fi dátà wà á jáde, ẹ wò ó bóyá RCA Victor wà lára rẹ̀, kí ẹ sì wo ọdún rẹ̀.

Àwo tí ó fi kọ orin Buddy Holly, olórin rọ́ọ̀kì, ní ọdún 1967 kò gba àlàyé púpọ̀, ó kàn dùn ni. Èyí tí ó fi kọ orin Dolly Parton, olórin kántìrì bíi tirẹ̀, ní ọdún 1972 yóò tètè wọ ẹni tí ó ti mọ Dolly lára.

Ẹ fi “Bus Fare to Kentucky” ti ọdún 1971 sí ìparí. Owó ọkọ̀ dé Kentucky ni ìtumọ̀ àkọlé náà, òun kan náà ni ó sì fi sọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1993, ọdún mọ́kànlá kí ó tó kú. Èmi máa ń fi í pa mọ́ di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ bá há sí Mile 12, tí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ bá ń gba owó, tí ọ̀nà Ìkòròdú sì ṣì jìn níwájú.