Ibi tí àwo DVD bá kú sí ló ń sọ ohun tó pa á

Bí àwo DVD bá bàjẹ́ lẹ́nu bọ́ọ̀nù, ìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ ń fi iná lésà kọ fáìlì sórí rẹ̀, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán yẹn sókè, ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ sì rọra máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba: apá kan ti ṣú díẹ̀, ó yí ihò àárín ká bí òrùka, apá tó kù sì wà bó ṣe jáde látinú páálí. Ibi tí òrùka yẹn parí sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀bá ihò ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí àwo, á wá máa bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé etí. Ojú lásán ti tó láti fi mọ ibi tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró sí.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ò le lójú. Fídíò ẹbí wa kan wà lọ́wọ́ mi, àwọn àgbà ilé sì fẹ́ máa fi ẹ̀rọ DVD tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ò ní ojú ibi tí wọ́n ń ki àwo sí, nítorí náà mo so ẹ̀rọ bọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, irú èyí tó ń lo USB. Bí mo ṣe ń ki àwo bọ̀ ọ́ ló ń pọ̀ ọ́ jáde. Àwọn kan ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn kan rìn dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n dúró síbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn tó dé 100%, tó wá jẹ́ pé nígbà tí kọ̀ǹpútà ń yẹ̀ wọ́n wò ló ní òun ò rí apá ìparí wọn kà.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ní fúnni ò ju pé kéèyàn lọ ra àwo mìíràn. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, àmọ́ ẹni tó bá ń pààrọ̀ àwo láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kàn ń tọ́ oríire wò ni. Mo to àwọn tó ti bàjẹ́ sórí tábìlì, mo yí ẹ̀yìn wọn sókè, mo sì ṣà wọ́n sọ́tọ̀: àwọn tí kò ní òrùka kankan, àwọn tí òrùka wọn dé àárín, àti àwọn tó ṣú dé etí. Bí mo ṣe rí wọn bẹ́ẹ̀, ó hàn sí mi pé àìsàn kan kọ́ ló ń ṣe wọ́n.

Àwọn tí kò ní òrùka ni mo kọ́kọ́ kọjú sí. ImgBurn, ètò kọ̀ǹpútà kan tó wà fún iṣẹ́ yìí, ni mo fi ń bọ́ọ̀nù, ohun tó sì ń kọ sójú kọ̀ǹpútà ni “Power Calibration Area Error”. Kí ẹ̀rọ tó kọ ohunkóhun, ibì kékeré kan wà lẹ́bàá ihò àwo tó fi máa ń dán agbára iná lésà rẹ̀ wò. Lésà pupa ni, ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 650 nm. Òun ló ń jó aró tó wà láàárín àwo, kí ibi tó jó má baà dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti ibi tí kò jó. Bí iná náà bá kéré jù, aró ò ní jó. Bó bá pọ̀ jù, jíjó náà á kọjá ààlà. Ẹ̀rọ á dán oríṣiríṣi wò, á yan èyí tó yẹ. Bí kò bá rí ìkankan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ̀ jálẹ̀.

Lẹ́ǹsì tó dọ̀tí lè fa èyí, àwo tí kò bá ẹ̀rọ mu lè fà á, iná mànàmáná tí kò tó náà lè fà á. Ti lẹ́ǹsì ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò lára ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, torí bí ẹ bá ti fa ibi tí wọ́n ń gbé àwo lé jáde, lẹ́ǹsì náà á bá a jáde, gíláàsì róbótó kékeré kan báyìí. Mo fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku lára kámẹ́rà fẹ́ ẹ. Mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Eruku díẹ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe yẹn ò kúrò níbẹ̀.

Mo wá tọ wáyà lọ. Hub USB kan, ohun tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀, ni ẹ̀rọ náà wà lára rẹ̀, òun àti hard disk àti màósì, hub ọ̀hún ò sì ní wáyà iná tirẹ̀. Ìlànà USB 2.0 ni pé ojú kan á fún nǹkan tí a kì bọ̀ ọ́ ní iná tó tó 500 mA, ti USB 3.0 jẹ́ 900 mA. Lórí hub tí kò ní iná tirẹ̀, ojú kan ṣoṣo lára kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn jọ ń fà. Kíka àwo kì í gba agbára tó kíkọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan fi lè máa ka fíìmù láti òwúrọ̀ dalẹ́, kó wá dákú ní kété tí lésà bá fẹ́ jó nǹkan. Mo yọ ọ́ kúrò lára hub, mo kì í bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an, mo sì lo wáyà olórí méjì tó bá a wá, tó ń fa iná láti ojú USB méjì pọ̀. Àṣìṣe yẹn ò padà wá mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀rọ yín ń yára tó tún ń rọlẹ̀, tó ń dún “tíkì, tíkì”, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ti yọ USB, ẹ kọ́kọ́ fura sí iná.

Àwọn tó ń kú lójú ọ̀nà ló gba àkókò mi jù. Nígbà tí lésà bá ti ń kọ nǹkan, kì í fẹ́ dúró de fáìlì. Ní 1x, ìyẹn ìyára ìpìlẹ̀, DVD ń gba nǹkan bíi 1.385 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 8x, ó ti di 11 MB. Ní 16x, ó lé ní 22 MB. Bí fáìlì ò bá tètè dé, buffer inú ẹ̀rọ, ibi tí fáìlì ti ń dúró díẹ̀ kó tó dórí àwo, á gbẹ. Nígbà kan rí, bí buffer bá ti gbẹ, àwo ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti fi ọgbọ́n kan sí i: ẹ̀rọ á dánu dúró, á dúró de fáìlì, á sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ bí ẹ̀rọ bá ń dúró tó tún ń ṣí ní gbogbo ìgbà, ibi tí ó ti ń so ó pọ̀ lè má dán mọ́rán.

Igi méjì, ìyẹn ìlà tó ń kún tó tún ń fà, wà nísàlẹ̀ ojú ImgBurn bó bá ń bọ́ọ̀nù, ọ̀kan fún buffer kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún ti ẹ̀rọ. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Igi àkọ́kọ́ á kún dẹ́mú, á ṣubú sí ìdajì, á rá pálá gòkè, á tún já lulẹ̀ pátápátá. Bó bá ti já báyìí, igi kejì náà á tẹ̀ lé e, ariwo ẹ̀rọ á sì yí padà. Kò sóhun tó ṣe lésà. Fídíò ni kò tètè dé, torí orí hard disk àtijọ́ tó ṣì wà lára hub yẹn ló ti ń bọ̀, antivirus sì tún ń dá fáìlì kọ̀ọ̀kan dúró lọ́nà láti tú ẹrù rẹ̀ wò.

Mo kó fídíò wá sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí ImgBurn sọ gbogbo rẹ̀ di fáìlì ISO kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo ohun tó máa wà lórí àwo, láì tíì fi àwo kankan sí i. Bí fáìlì kan bá ní àléébù tàbí tí orúkọ rẹ̀ gùn jù, ìgbà tí a bá ń ṣe ISO ni àṣírí á tú, kò ní ba àwo jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó ISO náà sórí flash, kó wo bí wọ́n ṣe ṣètò flash ọ̀hún: FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB, ISO àwo tó kún sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. NTFS àti exFAT á gbà á. Mo tún yọ íntánẹ́ẹ̀tì, mo dá antivirus dúró fún ìwọ̀nba àkókò náà, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà má sùn. Nígbà tí mo tún bọ́ọ̀nù, igi méjèèjì dúró gbọnin, wọn ò mì.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè. Páálí àwo ní 4.7 GB, Windows ní 4.37. Wọn ò rẹ́ yín jẹ o. Àwọn tó ṣe àwo ń ka GB kan sí bílíọ̀nù báìtì kan, Windows ń kà á sí 1,073,741,824. Fáìlì tí Windows bá pè ní 4.5 GB ò lè wọ àwo yẹn láéláé. DVD-R àti DVD+R, oríṣi àwo méjì tí a lè bọ́ọ̀nù, pàápàá ò gba iye kan náà: DVD-R gba báìtì 4,707,319,808, DVD+R gba 4,700,372,992. Nítorí náà, ISO tó há gádígádí wọnú DVD-R lè ṣàì wọ DVD+R.

Ó wá ku àwọn tó ṣú dé etí, tí etí ọ̀hún ò sì ṣeé kà. Lójú tèmi, àwọn yìí ni kí èèyàn bẹ̀rù jù, torí ẹni tí kò bá ní kí kọ̀ǹpútà yẹ àwo wò lẹ́yìn bọ́ọ̀nù á rò pé ó ti ṣe é yọrí. Ìgbà tí fídíò bá ń lọ sópin, tí àwòrán wá ń já ní ẹyọ ẹyọ, ni yóò tó mọ̀. Etí àwo ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹ̀rọ 16x, bí àpẹẹrẹ, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 6x lẹ́bàá ihò, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn létí ló ń tó 16x. Etí yìí kan náà ni àwo ti ń gbọ̀n jù, ibẹ̀ ni aró kì í ti í dọ́gba lára àwo tí wọn ò ṣe dáadáa, ibẹ̀ náà sì ni ìka wa máa ń kàn.

Mo wo kóòdù wọn. Gbogbo àwo tí a lè bọ́ọ̀nù ní kóòdù ẹni tó ṣe é nínú, ImgBurn á sì gbé e jáde lápá ọ̀tún ojú rẹ̀ bí ẹ bá ti ki àwo òfìfo bọ ẹ̀rọ. Kóòdù yìí ni firmware ẹ̀rọ, ètò tó ń darí rẹ̀ látinú, ń wò láti mọ bó ṣe máa jó àwo náà, òun ló sì ṣe pàtàkì ju orúkọ ara páálí lọ. MCC 004, fún àpẹẹrẹ, ni DVD+R 16x ti Mitsubishi Chemical, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Gbogbo àwọn tó ń bàjẹ́ létí lọ́wọ́ mi, kóòdù kan náà ni wọ́n ní. Mo wá àwo tí kóòdù tirẹ̀ yàtọ̀, mo kọ ISO yẹn gan-an sí i, ẹ̀rọ ò yí padà, wáyà ò yí padà, ìyára ò yí padà. Ó wọlé, ó sì kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nígbà yìí ni mo tó fọwọ́ kan ìyára. Àwọn àwo tí kò dára yẹn, bí mo bá kọ wọ́n ní 4x dípò 8x, tí mi ò sì jẹ́ kí wọ́n kún dé etí, ọ̀pọ̀ wọn ń yege. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 bí àwo bá kún, kò sì ní mi lára. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ẹ máa bọ́ọ̀nù ní 1x, ẹ má dá a lóhùn. Wọn ò ṣe aró àwo 16x fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ò tiẹ̀ ní fi í lọ̀ yín. Ẹ má sì lẹ bébà mọ́ ojú àwo nítorí àtikọ orúkọ. Ó ń jẹ́ kó tẹ̀ sápá kan bó bá ń yí. Bírò àwo tó rọ̀ lẹ́nu ti tó.

Ti ẹ̀rọ DVD ilé ò gbà mí lákòókò. Èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń pè ní bọ́ọ̀nù tó kùnà ni pé wọ́n ju MP4 sórí àwo, kọ̀ǹpútà kà á, ẹ̀rọ ilé kọ̀ ọ́. Àwo yẹn ò bàjẹ́. Fíìmù DVD gbọ́dọ̀ ní fódà VIDEO_TS, fídíò inú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ MPEG-2. DVDStyler, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú fódà bẹ́ẹ̀, ni mo fi ṣe tèmi kí n tó sọ ọ́ di ISO. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé ẹ pa àwo náà dé (èyí tí wọ́n ń pè ní “finalize”) nígbà tí ẹ bá parí, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé kì í ka èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Páálí àwo burúkú yẹn ò tíì tán lọ́wọ́ mi. Mo ń fi wọ́n kọ àwọn nǹkan kéékèèké tí mo ní ẹ̀dà wọn níbòmíràn, ìdajì àwo ni mo ń kọ, ní 4x, mi ò sì ń kọ orúkọ sára ọ̀kankan nínú wọn kí kọ̀ǹpútà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán.