Ẹ béèrè ọjọ́ orí kí ẹ tó ka nọ́ńbà PSA

PSA ni èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń wá láti pròsítéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin; wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n láti fi ṣọ́ jẹjẹrẹ pròsítéètì. Àwọn ọmọ ló máa ń fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ju àwọn bàbá fúnra wọn lọ. "Mọ́mì, PSA Dádì jẹ́ 3.2, kò tó 4 tí láàbù fi ṣe ààlà, ṣé kò sí wàhálà?" Iṣẹ́ láàbù ni mo fi jẹun, ìbéèrè ni mo sì fi ń dáhùn: ẹni ọdún mélòó ni Dádì? Oògùn wo ló ń lò?

Ẹ jẹ́ ká ti orí oògùn bẹ̀rẹ̀. Bí pròsítéètì wọn bá ti wú, tí dókítà sì fún wọn ní finasteride, oògùn yẹn máa ń gé PSA sí nǹkan bí ìdajì láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2.5 tí ẹ rí lórí ìwé yẹn, 5 ni. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, kí Dádì yàgò fún ìbálòpọ̀ àti kẹ̀kẹ́ gígùn fún wákàtí 48 (ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní kí Mọ́mì yín bá wọn sọ ìyẹn). Bí àrùn ojú ìtọ̀ bá ń ṣe wọ́n, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ná, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì kọjá.

Ó wá ku ọjọ́ orí. Ní ìlú Malmö ní Sweden, láàárín 1974 sí 1986, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tó lé ní 21,000 tí kò tíì ju ẹni 50 ọdún lọ, wọ́n sì fi í pamọ́ sínú fìrísà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n wọn PSA inú rẹ̀, tí wọ́n wá wo ẹni tí jẹjẹrẹ pròsítéètì pa. Nínú àwọn ẹni ọdún 45 sí 49, ìdá kan nínú mẹ́wàá tí PSA tiwọn ga jù, láti 1.6 lọ sókè, ni 44 nínú 100 ikú náà ti wá. 1.6 o! Nọ́ńbà tí láàbù máa ń kọ "normal" sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni 60 ọdún tí tirẹ̀ kò ju 1 lọ, nǹkan bí méjì nínú 1,000 wọn ni àìsàn yìí pa kí wọ́n tó pé 85.

Nítorí náà, 1.8 lára ẹni ọdún 46 ń kọ mí lóminú ju 3.2 lára bàbá ẹni ọdún 74 lọ.

Àmọ́ òyìnbó Sweden nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìlọ́po méjì ikú àwọn aláwọ̀ funfun ni àìsàn yìí ń fà láàárín àwọn èèyàn dúdú, mi ò sì ní gbé nọ́ńbà Malmö lé ọmọ Ìjẹ̀bú lórí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ mú: ẹ jẹ́ kí ọkùnrin ṣe àyẹ̀wò PSA àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ẹni ọdún 45, kó tún yá díẹ̀ bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní i rí. Ẹ béèrè nípa jẹjẹrẹ ọmú nínú ẹbí náà pẹ̀lú. Àbùkù inú BRCA2, jíìnì kan tí èèyàn lè jogún lọ́wọ́ òbí, lè mú kí ewu méjèèjì pọ̀ sí i. Ẹ tọ́jú ìwé èsì. Bí ó bá ga, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹran díẹ̀ nínú pròsítéètì fún àyẹ̀wò, tàbí iṣẹ́ abẹ.

Ní ti fítámì tí àwọn kan ń lò kí jẹjẹrẹ yìí má bàa mú wọn, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n dán fítámì E àti èròjà kan tó ń jẹ́ selenium wò lára ọkùnrin tó lé ní 35,000 nínú ìwádìí SELECT. Nígbà tí èsì jáde ní 2011, jẹjẹrẹ yìí fi 17 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó lo fítámì E nìkan. Sìgá ni kí Dádì kọ́kọ́ jù nù.